Ọjọ́ tí Mo Pe Orúkọ Ọkọ Mi Lẹ́nu Ọ̀nà Olóyè

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ní kí n rọra!

Ìránṣẹ́ olóyè kan láti Ìbàdàn ló wá kó wa ní ewúrẹ́ lóko wa lẹ́yìn Olódò. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yọ sí i láti ẹ̀yìn, ó gbá a ní ẹ̀rúkọ́, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Nígbà tí àwọn ìránṣẹ́ olóyè padà wá, ọkọ mi ni wọ́n bá lóko. Òun ni wọ́n dè lọ!

Ṣé ẹ̀gbọ́n yìí jáde wá jẹ́wọ́? Rárá o! Ìyá ọkọ mi kó wa jọ, wọ́n ní dáwódù ilé kì í wọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, kí àbúrò fara dà á, kí olúkúlùkù panu mọ́.

Ẹ sì mọ̀ pé olóyè kì í bọ́ ẹni tó bá dè. Bí ará ilé kò bá gbé oúnjẹ lọ, ebi ni yóò pa onítọ̀hún. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í múra. Mo yan àgbàdo, mo lọ̀ ọ́, mo fi epo pò ó di àádùn, nítorí kì í tètè bà jẹ́. Mo wá òrí tí yóò fi pa ibi tí irin ti bó o lẹ́sẹ̀. Ta ni yóò bá mi lọ? Kò sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀!

Ìyá ọkọ mi wá bá mi nídìí ààrò. Wọn ò ní kí n bá wọn kí ọmọ wọn o. Wọ́n ní kí n má gbàgbé pé ìyàwó ni mí, n kò gbọdọ̀ dárúkọ ẹnikẹ́ni tí mo bá nílé. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ìyàwó kì í pe orúkọ ọkọ, kì í pe ti ẹ̀gbọ́n ọkọ. Àgùntáṣọọ́lò ni mo ń pe ẹ̀gbọ́n ọ̀hún. Ó ga lóòótọ́, àyà ni kò ní.

Mo dé ẹnu ọ̀nà olóyè. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní ta ni mo wá wò. Mo ní ọkọ mi. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní gbogbo àwọn tó wà nínú ló jẹ́ ọkọ ẹnìkan. Mo ní olówó orí mi ni, ará Olódò. Ó ní kí n dárúkọ rẹ̀, àbí kí n gbé igbá mi padà.

Mo gbé igbá, mo ti yíjú padà. Ni mo bá gbọ́ ikọ́ láti inú ọgbà. Ikọ́ ọkọ mi ni, ta ló lè bá mi jiyàn?

Mo lọgun: "Làmídì! Làmídì ọmọ Sùnmọ́nù!"

Ọkùnrin tó ń ṣọ́nà ṣílẹ̀kùn. Ọkọ mi ti gbẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Mò ń fi òrí pa ẹsẹ̀ náà lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀gá àwọn ìránṣẹ́ dé, tó ní kí n bá òun bi í léèrè ìdí tó fi lu èèyàn wọn. Ọkọ mi wolẹ̀. Ó rọra tẹ̀ mí lápá pé kí n dákẹ́.

Mo ti la ẹnu ná, ṣé n óò tún pa á dé? "Kì í ṣe òun," ni mo wí. "Bùráímọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Abẹ́ àká ìyá wọn ló ń sùn."

Wọ́n lọ, wọ́n bá a níbẹ̀. Wọ́n tú ọkọ mi sílẹ̀.

Ṣé ẹ rò pé wọ́n dúpẹ́? Ìyá ọkọ mi ní mo ti jẹ èèwọ̀, kí n kúnlẹ̀ bẹ gbogbo ilé. N kò kúnlẹ̀! Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ń yan mí lódì. Ọjọ́ tó la ẹnu, ó ní ta ló rán mi níṣẹ́ pé kí n pe orúkọ ẹ̀gbọ́n òun.

Mo ní, "Ẹsẹ̀ yín tó wú ló rán mi."

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ rèé: ọ̀wọ̀ tó bá ní kí ẹnìkan jìyà ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé oúnjẹ lọ fún ẹni tí wọ́n dè rí, kí ni ará ilé wí fún yín kí ẹ tó jáde? Ẹ sọ ọ́ o, ẹ má fi pa mọ́ra.

Ìyá ọkọ mi ló ń gbé oúnjẹ lọ fún Bùráímọ̀ báyìí. Ọmọ wọn ni, wọ́n kúkú lè dárúkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.