Ẹsẹ̀ Àpọ́n ní Ọjọ́bọ̀ Mímọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí mo ṣì kéré ní Sùúrùlérè, àpọ́n méjì ni gbogbo ìjọ Àgùdà wa mọ̀ dáadáa. Ọ̀kan ni Fadá. Èkejì ni ọkùnrin tó ń tẹ dùrù fún ẹgbẹ́ akọrin, tí àwa ọmọdé ń pè ní Bọ̀ọ̀dá Onídùrù. Fadá kò níyàwó, àwọn ìyá wa ń kúnlẹ̀ kí i, wọ́n ní ó ti fi ara rẹ̀ fún Ọlọ́run. Bọ̀ọ̀dá Onídùrù náà kò níyàwó, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń kúnlẹ̀ fún ìyẹn. Ìbéèrè ni wọ́n ń bi í.

Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè ni wọ́n jọ ń gbé lápá Ìpọ̀nrí. Wọ́n jọ ń lọ sọ́jà, wọ́n jọ ń se ọbẹ̀, bí ara ọ̀kan kò bá yá, èkejì ni yóò tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí í hewú, àwọn èèyàn wá ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kì í ṣe ọ̀rẹ́ lásán, pé ọkùnrin bíi tirẹ̀ ló ń wù ú. Ẹ mọ̀ pé ẹnu ayé lẹbọ. Èmi ò mọ ohun tó wà láàárín wọn, n kò sì ní purọ́ fún yín pé mo mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé dùrù rẹ̀ dùn débi pé bàbá mi, tí kì í fẹ́ràn ariwo, máa ń jókòó gbọ́ orin ìparí tán kó tó jáde.

Lọ́dún kan, Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ ń bọ̀. Lọ́jọ́ náà, Fadá máa ń wẹ ẹsẹ̀ ọkùnrin méjìlá níwájú ìjọ, bí Jésù ti ṣe fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Iyì ńlá ni kí wọ́n yan èèyàn. Wọn kò yan Bọ̀ọ̀dá Onídùrù rí. Ọdún yẹn ni Fadá dárúkọ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó tiẹ̀ dá aṣọ funfun. Làwọn àgbà ìjọ bá kóra jọ sí páálọ̀ wa, torí bàbá mi ni alága wọn, wọ́n ránṣẹ́ pe Fadá. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti yàrá.

“Fadá, ẹ má bínú o,” ọ̀kan nínú wọn sọ. “Àwa rò ó pé àwọn tó ti gbéyàwó nìkan ló yẹ kó jókòó síbẹ̀. Ẹni tí kò níyàwó, a ò mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń bọ̀.”

“Ẹ ṣé, sà,” Fadá dáhùn. “Èmi tí mo fẹ́ wẹ ẹsẹ̀ náà ńkọ́? Ṣé kí n lọ gbéyàwó kí Ọjọ́bọ̀ tó dé ni?”

Bàbá mi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó wá fi ikọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Fadá ò rẹ́rìn-ín.

“Ohun tí ìjọ fi kọ́ wa lórí ọkùnrin sí ọkùnrin, ẹ mọ̀ ọ́n, èmi náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ ò bi mí rí bí mo ṣe ń dá sùn, tí mo ń dá jí. Ojú tí ẹ fi ń wò mí, ẹ fi wo òun náà.”

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, Bọ̀ọ̀dá Onídùrù jókòó sí àga tó kẹ́yìn. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ síwájú. Fadá kúnlẹ̀, ó da omi sí i lẹ́sẹ̀, ó nù ún, ó fẹnu ko ẹsẹ̀ náà bíi ti àwọn yòókù. Àwọn kan yínmú. Ìyá mi ń sunkún, èmi náà bá a sun ún láìmọ ìdí rẹ̀.

Ayé ti yí padà. Wọ́n ń wẹ ẹsẹ̀ àwọn obìnrin pẹ̀lú báyìí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nígbà yẹn, orí fóònù ni wọ́n ti ń pariwo rẹ̀, òfin sì wà tó lè sọ èèyàn sẹ́wọ̀n. Àánú ló wá di ọ̀wọ́n, ó sì ń dùn mí. Ọmọ ọmọ mi kan ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, kò mú ìyàwó wálé, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé ní Yábàá. Àwọn àbúrò mi ní kí n bá a sọ̀rọ̀, pé èmi ni àgbà. Mo bá a sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Mo ní kó máa wá jẹun lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Àìkú, kó sì máa mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ dání.