Àpótí Kọ̀ǹpútà Tí Mò Ń Gbé Lọ sí Rayfield

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ò lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ lórí fóònù ara rẹ̀ àfi kó pe ìyàwó rẹ̀. Òun náà ló dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ Àìkú kan, tó sọ fún gbogbo ìjọ pé kọ̀ǹpútà òun ń bá àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì òkè òkun wá oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi tí mo ni kọ̀ǹpútà náà jókòó lẹ́yìn rẹ̀, mo ń wo ìpàkọ́ rẹ̀.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Jos ni wọ́n bí mi sí, Jos ni wọ́n bí bàbá mi sí. Bàbá tirẹ̀ ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣòwò aṣọ. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa ìyá mi. Nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn onímọ̀ kan máa ń gé ìṣirò ńlá sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń pín in fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yá wọn ní kọ̀ǹpútà rẹ̀, tí ọ̀kan lára rẹ̀ sì jẹ́ ti oògùn ikọ́ yìí, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan wà nílé mi ní Dogon Dutse. Mo ní sólà lórí òrùlé. Ohun tí mi ò ní ni íńtánẹ́ẹ̀tì: àpáta ẹ̀yìn ilé wa ti dí nẹ́tíwọ́ọ̀kì pa.

Ṣùgbọ́n ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ gba iṣẹ́ àti ìgbà tó bá fẹ́ dá èsì padà nìkan ló nílò íńtánẹ́ẹ̀tì. Láàárín méjèèjì, ó lè máa ṣírò nínú ihò àpáta pàápàá. Torí náà, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, mo máa ń fi ìborùn wé àpótí kọ̀ǹpútà náà, màá gbé e lé itan nínú táásì, ó di Rayfield, nílé ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, níbi tí àwo íńtánẹ́ẹ̀tì ti ń dán lórí òrùlé.

“Tíṣà ti gbé òkú rẹ̀ dé!” Bó ṣe máa ń kí mi nìyẹn, á wá rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ á fi máa mì.

Àlejò rẹ̀ kan tó ń kọ́ni ní yunifásítì rí ohun tí mò ń ṣe lọ́jọ́ kan, ó sì yìn mí gan-an. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń pè é ní “iṣẹ́ wa.” Ó ní kí n máa fi àpótí náà sílẹ̀ di ọjọ́ Ajé, kó lè gba iṣẹ́ dáadáa. Mo gbà. Òmùgọ̀ ni mí.

Nígbà tí mo gbé kọ̀ǹpútà mi délé lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ kejì tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, mo tàn án, mo wo igun tí orúkọ ẹni tó yá wọn ní kọ̀ǹpútà máa ń wà. Tèmi ò sí níbẹ̀ mọ́. Tirẹ̀ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú “Olóyè” níwájú. Kò sẹ́ni tó fi í joyè rí.

Nígbà tó di Sátidé, mo gbé àpótí náà lọ.

“Bọ̀dá, ta ló yí orúkọ mi padà?”

“Ẹni tó bá mi gbé íńtánẹ́ẹ̀tì sórí òrùlé ni. Èmi ni mo ní kó yí i. Íńtánẹ́ẹ̀tì ta lò ń lò?”

“Kọ̀ǹpútà mi ló ṣe ìṣirò náà.”

“Haba! Kí ni kọ̀ǹpútà ṣe? Ó kàn jókòó síbẹ̀ ni.”

“Ẹ̀yin náà ńkọ́, Bọ̀dá? Kí lẹ ṣe?”

Ẹ̀gbọ́n mi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná bú sẹ́rìn-ín, ó yára fọwọ́ bo ẹnu. Ọkọ rẹ̀ ní kí n gbé òkú mi kúrò nílé òun. Mo gbé e.

Iṣẹ́ tó ti parí wà nínú rẹ̀, ó sì ku ọjọ́ méjì kí àkókò tí wọ́n fún mi láti dá a padà kọjá. Mo gba Laranto lọ, sọ́dọ̀ ọkùnrin Hausa kan tó ń tún fóònù ṣe, tó mọ̀ mí dáadáa. Ó kí mi káàbọ̀, “Sannu da zuwa, Mama,” ó ní kí n lo íńtánẹ́ẹ̀tì orí fóònù òun. Mo ṣàlàyé ìṣòro mi fún un: bí mo bá kọ́kọ́ yọ orúkọ ọkùnrin náà, iṣẹ́ tó ti parí á ṣòfò, bí mo bá sì dá a padà bó ṣe wà, òun ló máa gba iyì rẹ̀.

“Ẹ jẹ́ kó ṣòfò,” ni onífóònù wí. “Kó má rí nǹkan kan gbà.”

Ó wù mí bẹ́ẹ̀. Mo jókòó lórí bẹ́ńṣì rẹ̀. Mo rántí bí ìyá mi ṣe máa ń di ìhà rẹ̀ mú tó bá ń wúkọ́. Ojú tiẹ̀ tì mí pé orúkọ lásán, nínú àkọsílẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń kà, ló ń dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Mo dá èsì náà padà. Ìgbà tó lọ tán ni mo tó yọ orúkọ rẹ̀, bí ẹni yọ ìdun lára bẹ́ẹ̀dì.

Laranto ni mò ń gbé àpótí mi lọ ní Sátidé báyìí. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti ra kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó gbé e sí pálọ̀, ó fi aṣọ léèsì bò ó. Ó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà tó fi tì í. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí pé kí n wá bá a ṣí i. Mo ní mò ń bọ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́rin báyìí. Tí mo bá rí ọkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń kúnlẹ̀ kí i, torí bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn, òun náà á sì bi mí pé báwo ni iṣẹ́ wa.