Ọjọ́ Tí Bàbá Káfíńtà Lọ Ra Pákó

Obìnrin kan wà tí gbogbo ìlú mọ ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n tí àwọn tó mọ ojú rẹ̀ kò tó nǹkan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ka ìròyìn òwúrọ̀ lórí rédíò. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán nígbà tó bá ti jókòó sídìí makirofóònù, nínú yàrá kékeré kan tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀, níbi tí kò ti sí ìró kankan àfi èémí òun fúnra rẹ̀. Bó bá ń sọ̀rọ̀, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan á máa jáde ketekete, ọ̀kan kò ní gorí èkejì. Agogo ni bàbá rẹ̀ ń pè é láti kékeré, orúkọ yẹn náà sì ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́.

Bàbá yìí ló fún un ní ohùn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Káfíńtà ni. Ayùn oníná ti ba etí rẹ̀ jẹ́ láti ìgbà tí Agogo ti wà lọ́mọ ọwọ́, torí náà, ọmọ tó bá fẹ́ kí bàbá gbọ́ òun gbọ́dọ̀ la ẹnu dáadáa, kó sì pe ọ̀rọ̀ ní àpèjá. Ohun tí àwọn ẹlòmíì lọ ń kọ́ nílé ẹ̀kọ́, inú èérún igi ni Agogo ti kọ́ ọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì bàbá rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, bàbá ti darúgbó, kò ṣiṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ọkọ Agogo ti kú, àwọn ọmọ ti wà nílé tiwọn, bàbá àti ọmọ nìkan ló kù. Onílé wọn fi owó kún owó ilé, kò pẹ́ ó tún fi kún un, ni wọ́n bá kó kúrò nínú ilé ńlá lọ sí yàrá méjì lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Tábìlì ìjẹun tí bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ kàn nígbà ìgbéyàwó Agogo kò gba ẹnu ọ̀nà. Wọ́n yí i síwájú, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n gbé e dúró lóòró, ó kọ̀ kò wọlé. Ìsàlẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n ti tà á fún ẹni tó ń kọjá lọ. Láti ìgbà náà, orí itan ni wọ́n ń gbé abọ́ lé jẹun.

"Má da ara ẹ láàmú," ni bàbá wí. "Jẹ́ kí owó pákó rọlẹ̀ díẹ̀. Màá kan kékeré kan síbí."

Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìnira, ó sì ya àwòrán tábìlì kékeré náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, gígùn rẹ̀ àti ìbú rẹ̀. Àwọn méjèèjì kì í tẹ inú rẹ̀. Bí Agogo bá ń gbálẹ̀, á gbá a yípo. Lọ́sàn-án, tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí oorun tí iṣẹ́ fi dù ú láàárọ̀ bá wá gbé e lórí àga, ó máa ń rí i láàárín oorun àti ìtají bíi pé tábìlì náà ti gbéra nílẹ̀, orí rẹ̀ ń dán, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé tẹ́ sórí rẹ̀ bí aṣọ. Tó bá lajú tán, ilẹ̀ lásán ni.

Lóṣooṣù, ọ́fíìsì ìṣirò ìjọba máa ń fi ìwé nípa ọ̀wọ́ngógó ọjà ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ rédíò. Èdè ọ́fíìsì ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Agogo ló ń sọ ọ́ di èdè tí ará ilé ń sọ. Lóṣù kan, ìwé náà pẹ́ kó tó dé. Iná pupa tó ń fi hàn pé makirofóònù ti ṣí ti fẹ́ tàn nínú yàrá ìkàròyìn. Agogo sáré fojú wò ó: ìwọ̀n ọ̀wọ́ngógó ti dínkù. Inú rẹ̀ dùn. Ó sún mọ́ makirofóònù.

"Ìròyìn ayọ̀ rèé o," ó wí. "Ọjà ti wálẹ̀."

Nílé, bàbá gbé etí lé rédíò, bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí. Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu onírúurú èèyàn rí pé nǹkan máa tó dẹrùn, kò sì ka ìkankan sí. Èyí yàtọ̀. Ọmọ òun ló sọ ọ́. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó mú okùn ìwọ̀n rẹ̀ sápò, ó sọ̀ kalẹ̀ ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó di ìsọ̀ pákó.

Onípákó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta!"

"O ò jíire bí? Pákó ni mo wá rà. Èló ni báyìí?"

Onípákó sọ iye tó jẹ́. Bàbá rò pé etí òun ló tún ń ṣe tiẹ̀, ó ní kó tún un sọ. Onípákó pariwo rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń rẹ́ igi lẹ́yìn fi yíjú wò wọ́n. Ó ju iye tó ń tà á lóṣù tó kọjá lọ.

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀," bàbá wí. "Ọjà ti wálẹ̀. Ọmọ mi ló sọ ọ́ lórí rédíò láàárọ̀ yìí."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu onípákó àti àwọn tó ń rẹ́ igi. "Bàbá, ẹ lọ ra pákó lọ́wọ́ rédíò nígbà náà!"

Onípákó kò fi ìkà sọ ọ́. Ó tilẹ̀ fa àga fún bàbá kó jókòó sinmi. Bàbá kò jókòó.

Nígbà tí Agogo délé, ó bá bàbá lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

"Agogo mi, ohun tó o kà láàárọ̀ yìí, ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Bàbá. Ọ́fíìsì ló kọ ọ́ wá."

"Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín ní ìsọ̀ pákó."

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Agogo ti ibi iṣẹ́ dé, ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn rédíò náà. Rédíò àtijọ́ ni, ó máa ń gbóná fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá pa á. Ó tutù. Agogo jókòó tì í. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tó ka ìròyìn tí bàbá rẹ̀ kò sì gbọ́ ọ.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó gbéra, ó ní òun ń lọ sí ọ́fíìsì ìṣirò. Bàbá ní àwọn jọ ń lọ ni.

Akọ̀wé tó ń ṣe ìṣirò ọjà kò ju ẹni tí Agogo lè bí lọ, ọ̀dọ́kùnrin tín-ín-rín kan tó wọ súwẹ́tà. Bó ti gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ló ti dìde. "Háà! Ẹ̀yin gan-an nìyí, mà?" Ó gbé àga tirẹ̀ fún bàbá.

Agogo ro ẹjọ́. Akọ̀wé rọra mi orí.

"Ẹ má bínú, mà. A ò kọ ọ́ pé ọjà wálẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé èèyàn kan ń gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Lóṣù tó kọjá, ó ń sáré gùn ún. Lóṣù yìí, ó ń rọra gùn ún. Ìyẹn ló dínkù. Ṣùgbọ́n òkè náà ló ṣì ń lọ."

Ara Agogo bù máṣọ. Ó tẹ̀ sétí bàbá, ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún un, ketekete.

"Òkè ló ń lọ?" bàbá bi í.

"Òkè ni, Bàbá."

"Kò tiẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ rárá?"

"Rárá o."

Bàbá yíjú sí akọ̀wé. "Ṣé pákó wà nínú ìṣirò yín?"

Akọ̀wé wo ìwé ìṣirò rẹ̀. Búrẹ́dì wà níbẹ̀, owó ilé wà níbẹ̀, bàtà, oògùn, owó ọkọ̀. "Pákó fúnra ẹ̀ kò sí, Bàbá. Tábìlì ló wà."

"Èyí tí wọ́n ti kàn tán?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ó nu ojú rẹ̀. "Ó dáa. Ta ló wá ń ra gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ yìí?"

"Kò sí ẹnì kankan, Bàbá. Ìnáwó gbogbo wa ni wọ́n kó pọ̀, ti olówó àti ti mẹ̀kúnnù, tí wọ́n sì pín in dọ́gba. Nọ́ńbà náà kì í ṣe irọ́. Kò kàn mọ ilé yín ni." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Èmi gan-an, tí ìyàwó mi bá ti ọjà dé, ó máa ń bi mí bóyá ìlú mìíràn ni mò ń ṣírò ọjà wọn."

"Kí lẹ máa ń sọ fún un?" Agogo béèrè.

"Mo máa ń gba báàgì lọ́wọ́ ẹ̀ ni."

Nínú ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ padà, oòrùn ń wọlé láti ojú gíláàsì, oorun sì gbé Agogo lọ léjìká bàbá rẹ̀. Ó lálàá pé òun bá ẹnì kan pàdé lójú títì, ẹni tó ń ra díẹ̀díẹ̀ nínú ohun gbogbo: ẹsẹ̀ bàtà kan, ìdajì ìlẹ̀kùn, ègé búrẹ́dì kan ṣoṣo. Ara onítọ̀hún balẹ̀, kò jọ ẹni tí ebi ń pa, kò sì jọ ẹni tó yó. Agogo kí i. Ó dáhùn pẹ̀lú ọ̀yàyà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò dúró lójú kan, ó ń jọ gbogbo ènìyàn. Bàbá ló jí i pé wọ́n ti dé.

Bàbá kò dúró kí owó pákó rọlẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó ra ẹyọ kan ní iye tí onípákó pè é, ó fá a, ó kàn án mọ́ ògiri lábẹ́ fèrèsé. Fífẹ̀ rẹ̀ kò tó ìlàjì èyí tó yà sílẹ̀. Abọ́ méjì ló gbà, tí bàbá àti ọmọ bá sì jókòó sídìí rẹ̀, ìgúnpá wọn á máa kan ara wọn. Bàbá ní bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn, kí Agogo lè wà nítòsí etí òun.

Nígbà tí ìwé oṣù tó tẹ̀lé e dé, Agogo jókòó tì í, ó tún un kọ, ó fà á ya, ó tún un kọ. Iná pupa tàn.

"Ọjà ṣì ń wọ́n sí i," ó kà. "Kò kàn yára tó ti tẹ́lẹ̀ ni. Ìṣirò gbogbo ìlú papọ̀ lèyí, ohun tí ojú ń rí nílé kálukú lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lóṣù tó kọjá, mo sọ pé ọjà wálẹ̀. Kò wálẹ̀. Ẹ má bínú."

Ọ̀gá ìròyìn ránṣẹ́ pè é. "Agogo, ta ló ní kó o fi gbogbo ìyẹn kún un?"

"Mo túmọ̀ ẹ̀ ni, sà."

Ọ̀gá wo ìwé ọ́fíìsì, ó wo ti Agogo, ó wo ìwé ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀kan sí i. "Ó ti gùn jù," ó wí nígbẹ̀yìn, ó sì dá ìwé náà padà fún un láì fa ìlà sí ohunkóhun.

Bí Agogo ṣe padà dé ìdí tábìlì rẹ̀ ni fóònù dún, ó sì gbé e. Obìnrin kan ni, ariwo ọmọdé pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ka ìròyìn yẹn, àbí? Mo kàn ní kí n bi yín ni. Ìgbà wo ló máa wálẹ̀ gan-an?"

Agogo dáhùn: "Mi ò mọ̀, mà."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. "Ó dáa," ó wí. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ bẹ́ẹ̀." Ó sì pa fóònù, ó padà sídìí àwọn ọmọ rẹ̀.