Òdòdó Ìda fún Ìbíwùnmí

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbáko ni Ọlágòkè fi gun òpó iná kiri, tó ń so wáyà mọ́ ilé onílé, tó sì ń já a. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ tó yàn láàyò ni àbẹ́là ṣíṣe. Ẹ bá mi wò ó! Àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ní Mowe kò jẹ́ kó sinmi. "Bàbá Dárà, ẹ pa iná wa tán, ẹ wá ń ṣe àbẹ́là fún wa." Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní kò sí ohun tí òun kò mọ̀ nípa òkùnkùn.

Hàkímù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń sin oyin ní Ifọ̀, ló máa ń kó afárá tó ti fún oyin inú rẹ̀ tán ránṣẹ́ sí i. Ọlágòkè á yọ́ ìda ara afárá náà nínú ìkòkò kékeré tó gbé sínú omi gbígbóná, torí ìda tó bá fara kan iná gan-an lè gbiná mọ́ni lọ́wọ́. Á wá fi aṣọ sẹ́ ẹ kó lè mọ́. Aṣọ yìí ló dá wàhálà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, kò rí àkísà tó mọ́ lò. Ó wọ yàrá, ó fa aṣọ kan tó ti ṣá yọ nísàlẹ̀ àpótí Ìbíwùnmí ìyàwó rẹ̀, ó rò pé àlòkù ni. Àdìrẹ ìyá Ìbíwùnmí ni, èyí tí ìyá náà fi pọ̀n ọ́n ní kékeré. Kí Ọlágòkè tó mọ ohun tó ṣe, ìda ti dì mọ́ ọn gbagidi. Ó sè é, aró ń ṣí. Ó ha á, aṣọ ń ya. Ó ká a sínú ọ̀rá, ó tì í sábẹ́ tábìlì iṣẹ́. Nígbà tí Ìbíwùnmí béèrè, ó ní òun bá a sá a sóòrùn ni, afẹ́fẹ́ òjò sì gbé e lọ.

Ọjọ́ méjì ni obìnrin náà fi wá aṣọ yẹn. Ó wo gọ́tà, ó kan ilẹ̀kùn aládùúgbò, ó gun búlọ́ọ̀kù wo ẹ̀yìn ògiri. Ọlágòkè bá a wá a o! Ó mú igi lọ́wọ́, ó ń fi tú koríko. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Olúwadárasími ọmọ wọn bímọ ní Magboro, Ìbíwùnmí sì lọ bá a wẹ ọmọ. Ogójì ọjọ́ pé, kò dé. Oṣù mìíràn tún gorí rẹ̀. Bí Ọlágòkè bá pè é, á ní, "Mò ń bọ̀," á sì gbé fóònù sétí ọmọ kó máa sunkún sí i. Ilé wá tóbi jù fún bàbá náà. Á se ìrẹsì Ọ̀fàdà ẹni méjì, á dá jẹ ẹ́. Ẹ̀rù ń bà á pé ìyàwó òun kò ní padà mọ́.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú kan, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù rẹ̀: "Baba Dara, ododo nikan ni mo fe lowo yin. Ti mo ba ti ri i gba, maa wale."

Ọlágòkè kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Òdòdó kẹ̀? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, kò fún un ní òdòdó rí. Ṣé gbogbo ohun tó ń bí i nínú náà nìyẹn? Inú rẹ̀ dùn débi pé kò rò ó lẹ́ẹ̀kejì. Bó bá jẹ́ òdòdó ni, ó ti rí i gbà nìyẹn.

Kò mọ òdòdó púpọ̀. Òṣíbàtà ló wá sí i lọ́kàn. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, wọ́n ń ri òpó lójú ọ̀nà Ọ̀fàdà, lẹ́bàá àbàtà kan tí òṣíbàtà bò. Ó wà lókè, ó bojú wolẹ̀, ó rí ọmọbìnrin kan tó fi òdòdó òṣíbàtà há irun. "Bọ̀dá, ẹ rọra o!" lọmọ náà pariwo sí i, ni Ọlágòkè bá gbàgbé wáyà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbíwùnmí nìyẹn. Wọ́n ti da yẹ̀pẹ̀ dí àbàtà náà báyìí, ilé àwọn èèyàn ló wà níbẹ̀.

Ó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó yọ́ ìda. Ó rẹ ṣíbí onígi sínú omi, ó ti ẹ̀yìn rẹ̀ bọ ìda yíyọ́, ó fà á jáde, ó rì í sínú omi tútù. Ewé òdòdó kan bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó fi àtàǹpàkò tẹ etí rẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ fi ń gba inú rẹ̀ kọjá, ó tún ṣe òmíràn. Òjò winniwinni ń rọ̀ sórí páànù, òórùn oyin gba gbogbo ibẹ̀. Ó ń ṣe é bí ẹni pé omi àbàtà ọjọ́un ti yọ́ wọlé, tó sì ń gbé àga rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Ewé kan, ewé méjì. Ọmọbìnrin yẹn ń rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀, òun sì wà lókè, kò wúwo, kò darúgbó.

Ó ku òwú àárín tí wọ́n máa ń tanná sí, torí àbẹ́là náà ni òdòdó ọ̀hún. Òwú funfun wà lára ìṣó níwájú rẹ̀. Ó wò ó, kò mú un. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sábẹ́ tábìlì, ó fa ọ̀rá yẹn jáde. Etí aṣọ kan wà tí ìda kò dé. Ó tú fọ́nrán mẹ́sàn-án lára rẹ̀, ó dì wọ́n bí ìgbà tí wọ́n ń dirun ọmọdé, aró wọn ṣì dúdú. Kò lè sọ ìdí tó fi ṣe é. Ó kàn mọ̀ pé fífi aṣọ yẹn pamọ́ ti sú òun. Ó to ewé mẹ́rìnlá yí òwú náà ká, ó ń fi ìgbóná àtẹ́lẹwọ́ mú ìdí wọn lẹ̀ mọ́ra, ó sì fi àwọn ewé inú bò ó dáadáa.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé òdòdó náà sórí omi tútù nínú abọ́ kí oòrùn má bàa yọ́ ọ. Ó gbé e lé itan nínú bọ́ọ̀sì láti Mowe dé Magboro, àwọn èrò ń béèrè bóyá oúnjẹ ni.

Ìbíwùnmí wà ní pálọ̀, ó pọn ọmọ sẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí ọkọ rẹ̀, ó sì wo abọ́. "Kí lèyí, Bàbá Dárà?"

"Òdòdó tó o ní o fẹ́ ni."

Obìnrin náà ranjú mọ́ ọn. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, kò sì pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi kú. "Òdòdó kẹ̀? Òdodo ni mo kọ! Òdodo! Kẹ́ ẹ sọ òótọ́ fún mi!"

"Mummy, ẹ̀yin náà ò fi àmì ohùn sí i," ni Dárà wí láti kíṣìnnì. "Ṣebí mo ní kẹ́ ẹ ṣe voice note."

Ìbíwùnmí gbé òdòdó náà kúrò lórí omi, ó fẹ́ dá a padà fún ọkọ rẹ̀. Nígbà náà ló rí orí òwú. Ó fi èékánná ṣí ewé inú, ọ̀kan, òmíràn. Ó jókòó. Kò sí bó ṣe lè ṣi aró yẹn mọ̀.

"Ẹ fẹnu yín sọ ọ́," ló wí jẹ́jẹ́.

Ọlágòkè jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. "Afẹ́fẹ́ kọ́. Èmi ni. Mo fi sẹ́ ìda, mo bà á jẹ́, mo sì parọ́ fún ọ. Ojú ló ń tì mí. Jọ̀ọ́."

"Mo mọ̀," ni Ìbíwùnmí wí. Omijé ti dé ojú rẹ̀. "Ọjọ́ méjì tá a fi wá a, kò síbi tí ẹ ò bá mi wò, àfi ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹnu yín ni mo ń retí." Ó tú ọmọ sílẹ̀, ó gbé e fún Dárà, ó sì ní kó bá òun wá báàgì òun.

Nígbà tí wọ́n dé Mowe nírọ̀lẹ́, kò síná. Ọlágòkè wá ìṣáná, ó nawọ́ sí òdòdó inú abọ́.

"Ẹ má dán an wò," ni Ìbíwùnmí wí. "Ìyá mi ló wà níbẹ̀." Òun fúnra rẹ̀ ló lọ mú àbẹ́là mìíràn wá láti ṣọ́ọ̀bù.