Táyé Lọ Ra Iyọ̀

Ẹ pè mí ní òpùrọ́ bó bá wù yín. Ojú mi ló rí i, kì í ṣe ojú aládùúgbò, ọwọ́ mi yìí náà ló sì wà nínú rẹ̀.

Télọ̀ ni mí, ní àdúgbò Adébáyọ̀ níbí. Ìbejì ni mo bí. Táyé kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta tó fi fi wá sílẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé a kì í sọ pé ìbejì kú. Ìyá mi ní Ìyìn ló sọ fún Kẹ́hìndé pé, "Táyé lọ ra uyọ̀." Bí àwa ará Ìyìn ṣe ń pe iyọ̀ nìyẹn. Kẹ́hìndé tó ń lọ sílé ìwé kì í pè é bẹ́ẹ̀.

Mo fi aṣọ Táyé rán bèbí kan fún èkejì rẹ̀. Àjákù aṣọ ni mo fi kún inú rẹ̀, mo kì í dáadáa. Kẹ́hìndé sọ ọ́ ní Táyé. Ó ń pọ̀n ọ́n, ó ń bu ẹ̀wà fún un, kò sì ní sùn bí kò bá sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ni alàgbà kan ní ìjọ wa bá ní ẹ̀mí àìrí ló ń bá ọmọ náà ṣeré. Ọkọ mi ní kí n jó o níná kí Kẹ́hìndé tó ti ilé ìwé dé. Mo ro ẹkún tí ọmọ yẹn máa sun. Mo ní n ó kọ́kọ́ tú u ná, ó kéré tán kí n yọ aṣọ Táyé kan pa mọ́.

Ọ̀sán gangan ni o. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo fi bíléèdì já òwú ikùn rẹ̀.

Ẹ gbà mí gbọ́, iyọ̀ ló ń dà jáde. Ó dà sórí máṣíìnì, ó dà sí mi nítan. N kò rí àjákù aṣọ kankan. Mo tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ni.

Ohùn kékeré kan sọ lẹ́yìn mi, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Màmí, mo ra uyọ̀ dé."

N kò wẹ̀yìn. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n inú tó bí mi ju ẹ̀rù lọ. Ọmọ tó jíṣẹ́ dé ni ẹ ní kí n sọ sínú iná?

Mo ní, "Kú àbọ̀, ọmọ mi." Mo kó iyọ̀ náà padà sínú bèbí, mo fi òwú onílọ̀ọ́po méjì rán an pa.

Nírọ̀lẹ́ ọkọ mi béèrè pé, "Ìyá Ìbejì, ṣé o ti jó o?"

"Bàbá Ìbejì, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ jó."

Ó wo ojú mi, ó bá tirẹ̀ lọ. Alàgbà ṣì ń gbàdúrà lé mi lórí. Mò ń ṣe àmín, n kò sì jó nǹkan kan.

N kò mọ ọjà tí Táyé ti ra iyọ̀ náà. N kò mọ̀ bóyá yóò tún lọ. Kẹ́hìndé kàn gbé e pọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní, "Màmí, Táyé ti wúwo o."

Ìwọ tí o fẹ́ sun bèbí ọmọ rẹ níná, kọ́kọ́ gbé e sétí, kí o mì í. Bí o bá gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀, rọra sọ ọ́ kalẹ̀, kí o sì kí i kú àbọ̀.