Ìṣísẹ̀ Rẹ̀ Láti Ẹnu Odò

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi nínú jọ́gíráfì kò sí nínú ìwé. Mo máa ń kó wọn lọ sí pápá, mà á ri igi méjì mọ́lẹ̀, ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà láàárín wọn, mà á ní kí oníkálukú rìn láti ìkíní dé ìkejì bó ṣe máa ń rìn nílé, kó sì ka ìṣísẹ̀ rẹ̀. Ọmọ tó ga á rìn ín ní ogójì, èyí tó kúrú ní àádọ́ta. Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹni tí kò mọ gígùn ìṣísẹ̀ ara rẹ̀ kò lè fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀. Tèmi jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjì ààbọ̀. Mo ṣì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ibì kan wà ní Ìgàndó tí n kò lè rí mọ́, nítorí ibẹ̀ sì ni mo ṣe ń kọ èyí.

Ìgbà owó epo ni. Oko àti igbó ló ṣì pọ̀ ní Ìgàndó nígbà náà, ṣùgbọ́n lọ́ọ̀rì sìmẹ́ńtì ti ń gba ọ̀nà Ìkòtún kọjá lójoojúmọ́. Yàrá méjì ni èmi àti ìyàwó mi háyà nínú ilé àwọn onílẹ̀. Òun ń ránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi ń gun alùpùpù lọ kọ́ni ní ìhà Dópẹ̀mú. Ọmọbìnrin kan la bí. Ibà ọjọ́ mẹ́ta ló pa á, kò tíì pé ọmọ ọdún méjì.

Òbí kì í sin ọmọ nílẹ̀ wa, kì í sì í mọ ojú oórì rẹ̀. Àwọn ọkùnrin ilé gba ọmọ lọ́wọ́ wa, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé jáde pẹ̀lú ọkọ́, wọ́n wẹsẹ̀ kí wọ́n tó wọlé padà, ẹnikẹ́ni kò sì sọ ibi tí wọ́n lọ. Wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mo fara mọ́ ọn. Kí n má purọ́, ó rọ̀ mí lọ́rùn kí n má mọ̀. Orúkọ ọmọ náà ni ìyàwó mi fi ń pè mí tẹ́lẹ̀; láti ọjọ́ yẹn ló ti ń pè mí ní Tíṣà, bíi ti àwọn ará ilé.

Ní oṣù kejì lẹ́yìn náà, mo fẹ́ ya máàpù àdúgbò wa fún kíláàsì, nítorí orúkọ Ìgàndó nìkan ló wà nínú èyí tí ilé ìwé ní, àyíká rẹ̀ funfun báláú. Ìyàwó mi ní òun á bá mi di okùn mú. Mo rò pé ó kàn fẹ́ kúrò nínú ilé ni. Sátidé mẹ́rin la fi rìn. Bí a ṣe ń kọjá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìyá onílé wa, arúgbó tó ń bẹ gbágùúdá lẹ́nu ọ̀nà, gbójú sókè.

"Tíṣà, ibi tí wọ́n bí mi sí lo wá ń fi okùn wọ̀n yẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

"Ó dáa. Tó o bá parí, bá mi bi ìwé rẹ pé níbo ni ewúrẹ́ mi sùn mọ́jú."

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tọ́mọ ti lọ, n kò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

N kò mọ̀ nígbà náà pé òun àti arúgbó yìí ti ń wọ igbó igi ìdáná láràárọ̀ tí mo bá ti lọ síṣẹ́. Pèrègún ni wọ́n fi ń pààlà oko níbẹ̀, ìyá náà sì mọ ẹni tó gbin ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ń fi hàn án: ibi tí ilẹ̀ ti pọ́n, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń rùn bí omi, ààlà bàbá ta ni èyí. Lọ́jọ́ kan, ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèrègún mẹ́ta, létí oko gbágùúdá kan tí wọ́n ti pa tì, ó ní, "Ibí ni mo ti máa ń sinmi, ìyàwó. Ilẹ̀ ibí tutù." Kò wo ilẹ̀. Kò sọ ohun tí kò yẹ kó sọ. Ìyàwó mi sì gbọ́ ọ yé.

Ní Sátidé kẹrin, a dé ẹnu odò, níbi tí ọ̀nà ẹsẹ̀ ti dá a kọjá. Ó sọ okùn sílẹ̀.

"Láti ibí, kí oòrùn àárọ̀ wà lójú èèyàn, igba ìṣísẹ̀ ó lé mẹ́rìnlá ni. Mo ti kà á. Ẹ fi àmì kékeré kan síbẹ̀ fún mi, Tíṣà. Ẹ má kọ orúkọ sí i."

Ohun tó ń sọ yé mi, n kò ní kó ṣàlàyé. Mo sọ fún un pé ohun tí gbogbo èèyàn lè rí nìkan ni wọ́n ń yà sínú máàpù. Ohùn tí mo fi ń bá àwọn ọmọ kíláàsì wí ni mo fi sọ ọ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí: tí mo bá fi lè mọ ibẹ̀, báwo ni mà á ṣe máa gba ọ̀nà yẹn lọ síṣẹ́? Ó mú okùn rẹ̀. Ó di í mú gbọn-in títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọdún náà kò tíì parí tí katapílà fi dé láti la títì. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ibi tó wà láàárín odò àti ilé wa ti di ilẹ̀ pupa. Mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ nígbà tí mo rí ìyàwó mi lẹ́nu odò. Ó ń rìn, ẹnu rẹ̀ ń mì. Ó dé ibi òkìtì gbòǹgbò, ó yà fún un, ònkà rẹ̀ dàrú, ó padà sẹ́yìn láti tún un bẹ̀rẹ̀. Awakọ̀ katapílà ti pa ẹ́ńjìnnì, ó ń bi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí ló sọ nù lọ́wọ́ àǹtí yìí. Nígbà tí ìyàwó mi rí mi, ó na ọwọ́.

"Ẹ gbé máàpù yín wá. Níbo ló wà níbẹ̀?"

Ó wà nínú báàgì mi. Mo tẹ́ ẹ sórí ìjókòó alùpùpù. Odò wà níbẹ̀, ọ̀nà wà níbẹ̀, àní ilé ewúrẹ́ ìyá arúgbó wà níbẹ̀. Ó wò ó pẹ́, ó ká a padà ní ojú ibi tí mo ti ká a tẹ́lẹ̀, ó fún mi. Kò béèrè mọ́ láéláé.

A bí ọmọ mẹ́ta sí i. A kọ́lé wa sí Ìgàndó kan náà. Òun ló ní òun kò lọ síbòmíràn. Nígbà tí àìsàn rẹ̀ le lọ́dún tó kọjá, ó ní, "Ẹ má gbé mi jìnnà sí i." Àwọn ọmọ rò pé ilé ló ń sọ. Ẹ̀yìnkùlé la sin ín sí.

Láti ìgbà náà, láràárọ̀ ni mo máa ń lọ sẹ́nu odò náà, tó ti di gọ́tà lábẹ́ títì. Mà á kọjú sí oòrùn, mà á ka igba ó lé mẹ́rìnlá. Ṣọ́ọ̀bù oníwẹ́dà kan lẹsẹ̀ mi ń gbé mi dé. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi kúrú jù mí lọ. Tí ìṣísẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjì, ọgbà ilé ẹlòmíràn ni. Tó bá lé díẹ̀, àárín títì ni. Sátidé mẹ́rin ló fi rìn lẹ́yìn mi pẹ̀lú okùn lọ́wọ́, n kò sì ní kó rìn láàárín igi méjì rí.