Irúgbìn Ìyá Yamna

Nígbà tí igi álímọ́ńdì bá ti tanná lẹ́sẹ̀ òkè, tí yìnyín ṣì funfun lórí góńgó, ìgbà náà ni àgbẹ̀ kífì máa ń jókòó ro ọdún. Kífì ni ewé tí ẹ̀yin ń pè ní igbó. Lórí òkè Rífù tiwa níbí, kò sí ilé tí kì í gbìn ín: a gbìn ín nígbà tí ìjọba ń lé wa kiri, a sì ń gbìn ín nísinsìnyí tí ìjọba fún wa ní ìwé àṣẹ. Iwájú mọ́ṣáláṣí ni àwọn ọkùnrin ti ń ro ọdún tiwọn, pẹ̀lú tíì àti ariwo. Yamna kì í dé ibẹ̀. Ìdí ààrò ló ti ń ro tirẹ̀, bó ṣe ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì.

Opó ni, àgbà obìnrin gíga kan tí ẹ̀rín kì í tètè dé ẹnu rẹ̀. Nígbà tó ń bọ̀ wá sílé ọkọ láti òdìkejì òkè, ìyá rẹ̀ rán irúgbìn kífì mọ́ etí aṣọ rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ọmọbìnrin láyé ọjọ́un. Kúkúrú ni kífì ọ̀hún, kì í ga ju àyà èèyàn lọ, omi òjò nìkan sì tó o. Ọdọọdún ni Yamna ń gbìn ín, ọdọọdún ló ń gba irúgbìn rẹ̀ padà sínú ìkòkò amọ̀. Lọ́dún tí ọkọ rẹ̀ kú, ọwọ́ rẹ̀ ò gbé e. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọ̀dá dá, kò gbin nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ irúgbìn kífì kì í ṣe wúrà. Tó bá pẹ́ jù nínú ìkòkò, kíkú ló ń kú. Àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ ti kó lọ sí ìlú tipẹ́, ilé wọn ti di àlàpà, kò sì sí ẹlòmíràn tó ní irú kífì náà. Bí kò bá gbìn ín lọ́dún yìí, ó parí nìyẹn.

Ohun tí Yamna ń wá kò pọ̀: pèpele ilẹ̀ kan, kí wọ́n sì fi òun sílẹ̀. Àwọn ará abúlé ò sì ní fi í sílẹ̀.

Gbogbo àfonífojì ti gba irúgbìn àjèjì tí ilé iṣẹ́ oògùn kan kó wá láti ìlú, omi kànga ni wọ́n sì fi ń rin ín, tí ọ̀dá ò fi pa á. Abo nìkan ni wọ́n, ilé iṣẹ́ náà ò sì fẹ́ rí hóró kan nínú ewé wọn. Ẹ ṣáà mọ akọ ìbẹ́pẹ, tó máa dúró gbagidi lẹ́yìnkùlé tí kò ní so. Akọ kífì náà nìyẹn, àfi pé lẹ́búlẹ́bú tirẹ̀ ń bá atẹ́gùn rìn, abo tó bá sì bà lé á bẹ̀rẹ̀ sí í so. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí wọ́n kórè tán, hóró ló kún inú ewé bámúbámú. Àwọn tó wá rà á tú àpò wò, wọ́n bojú wo ara wọn, wọ́n padà sínú ọkọ̀, wọ́n lọ.

Ta ni wọ́n máa dá lẹ́bi bí kò ṣe opó tó ní ìkòkò irúgbìn ìbílẹ̀ nílé? Ẹ̀gún nìkan ló hù lórí ilẹ̀ Yamna lọ́dún náà, ewúrẹ́ tó ń jẹ̀ níbẹ̀ lè jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí inú ń bí kì í lọ bi ewúrẹ́ léèrè. Láti ìgbà náà ni àwọn obìnrin kì í ti í dáhùn ìkíni rẹ̀ dáadáa nídìí ìsun omi. Ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn wa máa ń sú mi nígbà mìíràn: wọ́n á ka Kùránì dé àyè tí wọ́n ti sọ pé kéèyàn má ṣe jẹ́rìí èké, wọ́n á pa á dé, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ẹ.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, Yamna bu eérú sínú àpò, ó gun òkè lọ. Ó ní ilẹ̀ kékeré kan tó jogún lẹ́yìn góńgó, níbi tí igi kédárì ti bẹ̀rẹ̀. Odi òkúta rẹ̀ ti wó lápá kan, ṣùgbọ́n iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dúdú, ó sì ti sinmi. Ó dúró láàárín rẹ̀, ó ń ro ó. Òun á tún odi mọ kí òjò tó fọ ilẹ̀ lọ. Òun á ru ìgbẹ́ ewúrẹ́ gòkè. Òun á fún irúgbìn sílẹ̀ kí yìnyín tó yọ́ tán, kí akọ rẹ̀ lè tanná, kó sì gbẹ, kí ti àwọn ará ìsàlẹ̀ tó ronú àtitanná. Ó wá bu eérú, ó sọ ọ́ sókè. Atẹ́gùn gbé e, ó gbé e lọ sáàárín àwọn kédárì. Kò sí ìkankan tó padà sí apá àfonífojì. Ó tún sọ òmíràn, ibì kan náà ló gbà lọ.

Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ló pàdé Bushta. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni, òun sì ni alága ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àfonífojì.

"Lálá Yamna, ẹ kú òkè o," ló wí. Lálá là ń pe obìnrin tá a bá ń bọ̀wọ̀ fún.

"Alága, òkè ń kí ẹ."

"Kí lẹ lọ ṣe níbẹ̀ ní kùtùkùtù báyìí?"

"Mo lọ wo ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà."

Bushta mí kanlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká tún fa ọ̀rọ̀ yìí. A ti ṣèpàdé lé e lórí. Akọ kífì kan ò gbọdọ̀ dúró ní àfonífojì yìí."

"Ẹ̀yìn òkè kì í ṣe àfonífojì."

"Ṣé ẹ ti bá atẹ́gùn ṣàdéhùn ni?"

"Mo da eérú sí i, apá kédárì ló gbé e lọ. Tí mo bá sì tètè gbìn ín, akọ ẹ̀ á ti gbẹ kí tiyín tó tanná. Ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Èmi mọ̀ ọ́n. Àwọn tó kù ò fẹ́ mọ̀ ọ́n." Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó tún un dé. "Wọ́n ní kẹ́ ẹ gbé ìkòkò yẹn wá lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ká da ohun tó wà nínú ẹ̀ síná lójú gbogbo èèyàn."

"Wọ́n ní, àbí o ní?"

"Èmi ni alága wọn."

"Ọkọ mi ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń di ìtí kífì. Ṣé o rántí? Ò ń gbé e jẹ́jẹ́ bíi pé ọmọ tuntun ni."

"Mo rántí," ni Bushta wí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò. Yamna rò pé ojú òun ló ń tì í.

Nígbà tó délé, ó bu irúgbìn díẹ̀ látinú ìkòkò, ó wé e sínú aṣọ tútù, ó so ó mọ́ ikùn lábẹ́ ọ̀já, kí ooru ara lè mú un hù. Bí ìyá rẹ̀ ṣe ń dán irúgbìn wò nìyẹn. Ó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí òun dà síná. Ó bá a sùn, ó bá a jí, ó ń rin ín lómi. Nígbà tó tú aṣọ náà, hóró wà bó ṣe wà, kò sí èyí tó la ẹnu. Ó tún bu òmíràn láti ìsàlẹ̀ ìkòkò, ó tún so ó. Ìyẹn náà ò hù.

Ó dùn ún. Ó dùn ún ju ikú ọkọ rẹ̀ lọ, ojú sì tì í pé ó dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ ṣàìsàn pẹ́ kó tó lọ, wọ́n ti dágbére fún ara wọn. Irúgbìn yìí ò dágbére fún un.

Ọjọ́ tó ṣáájú Jímọ̀, ó lọ sílé Bushta láti sọ fún un pé kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, pé òkú ni wọ́n fẹ́ sun. Bushta ò tíì dé láti ilé ọlọ. Zulikha ìyàwó rẹ̀ tẹ́ ẹní fún un ní àgbàlá, ó gbé búrẹ́dì àti òróró ólífì síwájú rẹ̀, ó lọ gbé tíì kaná. Ẹyẹ Bushta ń kọrin lókè orí wọn. Mukinin ni, ẹyẹ tíńtín tí iwájú orí rẹ̀ pupa. Àwọn ọkùnrin òkè wa ò lè ṣe kí wọ́n má sin ín, ohun tí wọn ò lè bá ìyàwó sọ, wọ́n á bá a sọ ọ́. Hóró kífì ló sì ń mú un kọrin.

Yamna gbójú kúrò lára ẹyẹ náà, ó wolẹ̀. Lábẹ́ àgò ẹyẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi, kùkùté igi kífì gbígbẹ wà nílẹ̀. Ìtí kékeré kan sì wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, tórí rẹ̀ ṣì kún fún hóró. Kúkúrú ni wọ́n.

"Zulikha, kí nìyí?"

"Oúnjẹ ẹyẹ ni. Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń fún un ní hóró nígbà ayé ẹ̀gbọ́n wa. Èyí tó ń tú dà sílẹ̀ ló hù, látìgbà náà ló sì ti ń hù fúnra ẹ̀ lọ́dọọdún. Omi ìwẹ̀ ẹyẹ ló ń rin ín."

"Ìgbà wo ló ń hù?"

"Ìgbà tí ooru bá mú, tí ẹyẹ bá ń wẹ̀ ṣáá. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀, ìgbà tí ti àfonífojì ń tanná ni tirẹ̀ náà ń tanná."

Yamna já ewé gbígbẹ kan, ó rún un mọ́ ọwọ́, ó gbóòórùn rẹ̀. Òórùn yàrá ìyá rẹ̀ ni. "Akọ ń kọ́? Ṣé ó wà níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá?"

"Ó wà. Ìdọ̀tí rẹ̀ ti sú mi. Tí atẹ́gùn bá ti fẹ́, gbogbo àgbàlá á kún fún lẹ́búlẹ́bú, màá gbá a, màá tún gbá a."

Ibẹ̀ ni Bushta wọlé. Ó rí igi kífì lọ́wọ́ Yamna, kò kí i. Ó rọra jókòó sórí òkúta ẹnu ọ̀nà.

"Ìgbà wo lo mọ̀?" ni Yamna bi í.

"Ọjọ́ tí wọ́n tú àpò. Mo délé, mo wo ẹyẹ, mo wá wo ilẹ̀."

"O sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bú mi."

"Lọ́jọ́ yẹn gan-an ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Ó di ọjọ́ kejì, ó ti wúwo. Ó di Jímọ̀, wọ́n ti ń dárúkọ yín, mo jókòó síbẹ̀ bí alága." Ó fọwọ́ nu ojú. "Ṣé ẹ máa sọ fún wọn?"

Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Yamna mọ òwe náà, ó sì dùn mọ́ ọn nínú fún ìgbà díẹ̀. Bó bá sọ ọ́, orúkọ rẹ̀ á mọ́, àwọn obìnrin ìdí ìsun á máa kí i tẹ̀ríntẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ó mọ àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, wọ́n á ti wà ní àgbàlá yìí, wọ́n á hú kùkùté, wọ́n á sun ìtí, wọ́n á gbá ilẹ̀ títí kan abẹ́ ẹyẹ. Orúkọ rẹ̀ á wà, irúgbìn ò ní sí.

"Bu hóró tó wà nínú kọ́ọ̀bù ẹyẹ yẹn fún mi," ló wí.

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, àti ìtí yẹn. Kó o sì gbá ilẹ̀ yìí mọ́ dáadáa. Kò gbọdọ̀ hù níbí mọ́."

"Kí ni ẹyẹ máa wá jẹ?"

"Jẹ́ kó jẹ búrẹ́dì bíi tiwa."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó gbé ìkòkò dé iwájú mọ́ṣáláṣí, ó dà á síná fúnra rẹ̀. Hóró ń ta pàrà nínú iná, àwọn èèyàn dúró yí i ká. Layashi, tí ilẹ̀ tirẹ̀ fẹ̀ jù ní àfonífojì, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ó tán wàyí. A máa lè sùn."

"Ẹ sùn dáadáa," ni Yamna fèsì.

"Ẹ ẹ̀ rí i bí? Ó ba tiwa jẹ́, kò tiẹ̀ lè tọrọ àforíjì."

Bushta la ẹnu. Yamna wò ó, Bushta tún pa ẹnu dé. Yamna gbé ìkòkò òfìfo, ó gba ọ̀nà ilé lọ. Kò sẹ́ni tó bá a gbé e.

Wọ́n jọ tún odi ẹ̀yìn òkè mọ ni, òun àti Bushta, òkúta lórí òkúta, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fún hóró sílẹ̀ nígbà tí yìnyín ṣì wà lẹ́bàá odi. Ẹyẹ ò kọrin látìgbà náà. Tí ẹnì kan bá bi Bushta, Bushta á ní ìyẹ́ ẹyẹ náà ló ń re. Nídìí ìsun, àwọn obìnrin ṣì ń yíjú kúrò tí Yamna bá dé, ó sì ń pọn omi tirẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ewé àkọ́kọ́ yọ, méjì-méjì, tín-ín-rín, ó kúnlẹ̀ tì wọ́n títí orúnkún fi tutù. Bushta dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú korobá omi, nítorí òjò ti pẹ́ díẹ̀.

"Lálá, màá sọ fún wọn lọ́jọ́ kan."

"Má sọ. Wọ́n á gòkè wá fà á tu."

"Àwọn ọmọ ọmọ wọn á máa sọ pé ẹ̀yin lẹ ba ọdún yẹn jẹ́."

"Jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́," ni Yamna wí. "Kífì ò gbọ́ èdè wọn. Mú omi wá."

Bushta mú kọ́ọ̀bù ẹyẹ jáde látinú àpò rẹ̀, ó bu omi sí i, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń wọ́n ọn sí wọn lẹ́sẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.